Ihò Tó Ṣáájú, Ihò Tó Kẹ́yìn: Ohun tí Ìtòtẹ̀léra Ń Ṣe sí Iye Gbígbá Nínú Gọ́ọ̀fù

Pápá gọ́ọ̀fù tó pé ní ihò 18. Ohun tí wọ́n ń pè ní ihò kì í ṣe kòtò kékeré tí bọ́ọ̀lù ń wọ̀ nìkan. Gbogbo ilẹ̀ tó wà láti ibi ìgbéra, níbi tí eléré ti kọ́kọ́ gbá bọ́ọ̀lù, títí dé gríìnì, níbi tí wọ́n ti gé koríko mọ́lẹ̀ yí kòtò náà ká, ló ń jẹ́ ihò kan. Ihò kọ̀ọ̀kan ní páà tirẹ̀, ìyẹn iye ìgbà tí wọ́n retí pé kí ọ̀jáfáfá gbá bọ́ọ̀lù kó tó wọlé: 3, 4 tàbí 5. Páà ọ̀pọ̀ pápá ńlá jẹ́ 70 sí 72 lápapọ̀. Gbogbo gbígbá ni wọ́n ń kà, ẹni tí iye tirẹ̀ bá sì kéré jù ló borí.

Ní ti ìṣirò, ìtòtẹ̀léra ihò kò ní agbára kankan. Ìròpọ̀ kì í béèrè èyí tó ṣáájú: ẹni tó gbá 4, 5 àti 3 ti gbá 12, ẹni tó gbá 3, 4 àti 5 náà ti gbá 12. Ká ní iye tí eléré máa gbá ní ihò kọ̀ọ̀kan ti wà nílẹ̀ kó tó jáde nílé ni, èèyàn ìbá da ihò 18 náà rú bó ṣe wù ú, àpapọ̀ kò ní yẹ̀. Nítorí náà, ohun tó yẹ ní wíwádìí ni bóyá ihò kan náà máa ń gba gbígbá púpọ̀ sí i tàbí díẹ̀ sí i nítorí ipò tó wà nínú ìtò. Ihò kò mọ nọ́ńbà ara rẹ̀. Ṣùgbọ́n wákàtí mẹ́rin tàbí jù bẹ́ẹ̀ ló máa ń wà láàárín gbígbá àkọ́kọ́ àti gbígbá ìkẹyìn. Láàárín àkókò yẹn, afẹ́fẹ́ ń yí, koríko ń hù, ẹsẹ̀ ń rọ, eléré sì ń mọ iye tó ti kó jọ. Ibẹ̀ ni ìtòtẹ̀léra ti ń rí ọ̀nà wọlé.

Ọwọ́ èèyàn ló ṣe ìtò tí wọ́n ń tẹ̀ lé lónìí, ọwọ́ èèyàn sì ti yí i padà rí. Lórí Old Course ní ìlú St Andrews ní Skọ́tílándì, ihò 22 ni wọ́n ń gbá kí ó tó di 1764: 11 ní àlọ, 11 ní àbọ̀, lórí ilẹ̀ tóóró kan náà. Ọdún yẹn ni wọ́n sọ ihò mẹ́rin àkọ́kọ́ di méjì, bí wọ́n sì ṣe ń gbá wọn ní àlọ àti àbọ̀, 22 di 18. Ibẹ̀ ni iye tí gbogbo ayé ń lò ti ṣẹ̀. Ní ìbẹ̀rẹ̀, ọ̀nà tí ọwọ́ aago ń gbà yí ni wọ́n ń gbà yí pápá náà po. Ní nǹkan bí 1870, Old Tom Morris, olùtọ́jú pápá náà, ṣe gríìnì tuntun fún ihò 1, èyí sì mú kó rọrùn láti yí i ní òdì kejì. Fún ìgbà pípẹ́ ni wọ́n fi ń pààrọ̀ ìtò méjèèjì láti ọ̀sẹ̀ dé ọ̀sẹ̀, kí ilẹ̀ lè sinmi, kó tó di pé òdì kejì náà borí. Títí di òní, kòtò yanrìn kan wà níbẹ̀ tó jẹ́ pé ẹni tó bá wò ó láti ọ̀nà ti àtijọ́ nìkan ló ń rí ìdí tí wọ́n fi gbẹ́ ẹ síbẹ̀. Ṣùgbọ́n ó yẹ kí a fìyàtọ̀ sí nǹkan méjì. Yíyí pápá padà bẹ́ẹ̀ sọ àwọn ihò náà fúnra wọn di òmíràn, torí ibi ìgbéra àti gríìnì ti pààrọ̀. Ọ̀rọ̀ ìtòtẹ̀léra gan-an ni ti ihò tí kò yí padà rárá, àmọ́ tó bọ́ sí ipò mìíràn.

Lónìí, òfin tí R&A ti St Andrews àti USGA ti Amẹ́ríkà jọ ń gbé jáde fi ìtò sí ọwọ́ ìgbìmọ̀ tó ń darí ìdíje. Ẹni tó bá lọ gbéra ní ihò tí kò kàn nínú ìdíje tí wọ́n ti ń ka gbígbá, wọ́n á fi gbígbá méjì jẹ ẹ́ níyà. Bí kò bá padà lọ ṣàtúnṣe kó tó bẹ̀rẹ̀ ihò mìíràn, ó ti jáde nínú ìdíje nìyẹn.

Nínú gbogbo ohun tó ń fún ìtò lágbára, ojú ọjọ́ ló hàn sójú jù. Ní Royal Troon, ní etíkun ìwọ̀-oòrùn Skọ́tílándì, ihò mẹ́sàn-án àkọ́kọ́ ń bá òkun lọ sí gúúsù, afẹ́fẹ́ tó sábà ń fẹ́ níbẹ̀ a sì máa ti bọ́ọ̀lù láti ẹ̀yìn. Mẹ́sàn-án ìkẹyìn ń padà bọ̀, afẹ́fẹ́ yẹn kan náà á wá kọjú sí eléré. Ẹni tó mọ pápá náà mọ̀ pé àlọ ni òun ti gbọ́dọ̀ kó èrè jọ, torí àbọ̀ yóò gbà á lọ́wọ́ òun. Ọ̀pọ̀ èèyàn á tipa bẹ́ẹ̀ rò pé ẹni tó bá bẹ̀rẹ̀ láti ihò 10 ti rí ìyà he. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ihò kan náà àti afẹ́fẹ́ kan náà ni yóò bá pàdé, àpapọ̀ rẹ̀ kò sì ní ìdí láti yàtọ̀, àfi bí afẹ́fẹ́ bá yí kó tó parí. Ní etíkun, afẹ́fẹ́ a sì máa yí, torí bí oòrùn bá ti ń gòkè, ilẹ̀ a máa tètè gbóná ju òkun lọ, atẹ́gùn á wá gba ojú omi wọlé. Bí ó bá yí láàárín kan, ẹnì kan lè ní i lẹ́yìn ní àlọ kó tún ní i lẹ́yìn ní àbọ̀, nígbà tí ẹlòmíràn á máa fi àyà kò ó láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin.

Àwọn tó ń la pápá mọ èyí. Ní Muirfield, nítòsí Edinburgh, mẹ́sàn-án àkọ́kọ́ ń yí po bí ọwọ́ aago, mẹ́sàn-án kejì wà nínú rẹ̀, ó sì ń yí ní òdì kejì, kí afẹ́fẹ́ má bàa dúró sí ìhà kan fún ihò púpọ̀ léra. Síbẹ̀, kò sí ìtò tó lè gba èèyàn lọ́wọ́ wákàtí tó burú. Ní ọjọ́ kẹta ìdíje Open ti Britain ní pápá yìí ní 2002, ìjì àti òjò tútù dé bá àwọn tó jáde lọ́sàn-án. Tiger Woods, tó ti gba ìdíje ńlá méjì, Masters àti US Open, lọ́dún náà, gbá 81. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ó gbá 65 lórí ihò 18 yẹn kan náà, ní ìtò yẹn kan náà. Gbígbá 16 ló wà láàárín ọjọ́ méjèèjì, ipò tí ihò wà kò sì kópa nínú ọ̀kan ṣoṣo nínú wọn.

PGA Tour, tó ń ṣètò ìdíje àwọn akọ́ṣẹ́mọṣẹ́ ní Amẹ́ríkà, máa ń pín àwọn eléré sí ọ̀nà méjì ní ọjọ́ méjì àkọ́kọ́ nínú ọ̀pọ̀ ìdíje. Apá kan á gbéra ní ihò 1, apá kejì ní ihò 10. Kí ojú ọjọ́ má bàa ṣe ojúsàájú, lọ́jọ́ kejì wọ́n á pààrọ̀ ara wọn, ẹni tó jáde lówùúrọ̀ á sì jáde lọ́sàn-án. LIV Golf, ètò ìdíje mìíràn tó bẹ̀rẹ̀ ní 2022, gba ọ̀nà tirẹ̀: gbogbo eléré ń gbéra lẹ́ẹ̀kan náà láti orí ihò ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Ìyẹn mú kí ojú ọjọ́ dọ́gba fún gbogbo wọn, ó sì dára bẹ́ẹ̀. Àmọ́ ó dá àìdọ́gba mìíràn sílẹ̀, torí ẹnì kan á fi ihò tí omi yí ká parí nígbà tí ẹlòmíràn á fi èyí tó rọrùn jù lórí pápá parí. Bí iye wọn bá súnmọ́ra, ìyẹn kì í ṣe ohun kékeré.

Ilẹ̀ náà kì í dúró sójú kan. Koríko kan wà tí wọ́n ń pè ní Poa annua, tó wọ́pọ̀ lórí gríìnì etíkun California. Kì í hù dọ́gba, ó sì ń yọ irúgbìn kéékèèké láàárín ọjọ́, débi pé bọ́ọ̀lù tó ń yí geere láàárọ̀ á máa ta kété lójú ọ̀nà lọ́sàn-án. Ẹsẹ̀ àwọn tó ti kọjá náà ń fi àmì sílẹ̀ yí kòtò ká. Ihò tó bá bọ́ sí ìkẹyìn fún ẹni tó jáde kẹ́yìn ló ń jẹ ìyà yìí jù.

Ara eléré náà wà níbẹ̀. Ẹni tó bá fi ẹsẹ̀ rìn parí ihò 18 ti rin nǹkan bíi kìlómítà 8 sí 10. Ìwádìí ti fi hàn pé ẹni tó bá mú ara gbóná dáadáa kó tó bẹ̀rẹ̀ máa ń fì ọ̀pá yára ju ẹni tó bọ́ sílẹ̀ nínú ọkọ̀ tó lọ tààrà sí ibi ìgbéra. Ẹni tí kò bá ṣe bẹ́ẹ̀ ń lo ihò méjì tàbí mẹ́ta àkọ́kọ́ láti fi mú ara gbóná. Bí àwọn wọ̀nyẹn bá jẹ́ ihò gígùn tó le, owó ìtanràn náà pọ̀. Bí wọ́n bá rọrùn, ó lè má hàn. Ọ̀pọ̀ ẹni tó ń la pápá ló ń fi ihò tó rọ̀ díẹ̀ ṣe ìbẹ̀rẹ̀ nítorí èyí. Ní òpin, àárẹ̀ àti òùngbẹ ló ń gba ipò òtútù iṣan. Ní Èkó, lórí pápá Ikoyi Club 1938, ẹni tó gbéra ní kété tí ilẹ̀ mọ́ ń parí kí oòrùn tó mú jù. Ẹni tó gbéra ní agogo mọ́kànlá ń fi ọ̀sán gangan gbá ihò àárín, ara rẹ̀ sì ti ṣòfò omi púpọ̀ kó tó dé mẹ́ta tó kẹ́yìn. Ẹni tí omi ara rẹ̀ ti dín kù kì í díwọ̀n ọ̀nà jíjìn dáadáa mọ́, bẹ́ẹ̀ ìdíwọ̀n ọ̀nà jíjìn ni ìdajì iṣẹ́ gọ́ọ̀fù.

Ọkàn ni ọ̀rọ̀ náà ti jinlẹ̀ jù. Ẹni tó wà ní ihò 1 kò tíì mọ ohunkóhun. Ẹni tó dé ihò 18 mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ ní 17 tó kù. Ní 1966, ní Olympic Club ní San Francisco, Arnold Palmer fi gbígbá 7 ṣáájú Billy Casper nígbà tí ihò mẹ́sàn-án péré kù nínú US Open. Palmer gbá 39 ní mẹ́sàn-án náà, Casper gbá 32. Wọ́n dọ́gba, Casper sì borí lọ́jọ́ kejì nígbà tí wọ́n tún gbá ihò 18 mìíràn láti yanjú rẹ̀. Ní Carnoustie ní 1999, Jean van de Velde, ọmọ ilẹ̀ Faransé, dé ihò 18 pẹ̀lú gbígbá mẹ́ta tó fi ṣáájú. Páà ihò náà jẹ́ 4, bó bá sì gbá 6, òun ló gba Open. Ó gbá 7, bọ́ọ̀lù rẹ̀ wọ odò tó gba iwájú gríìnì kọjá, Paul Lawrie, tó bá a dọ́gba, ló sì gba ìdíje náà nígbà tí wọ́n tún gbá láti yanjú rẹ̀. Ká ní 7 yẹn wáyé ní ihò 5 lọ́jọ́ kìíní ni, iye kan náà ló máa wà lórí káàdì. Ṣùgbọ́n ó ṣòro láti gbà pé ìbá ti gbá bọ́ọ̀lù lọ́nà yẹn níbẹ̀, torí ní ihò 5 kò tíì sí ohun tó lè pàdánù.

Ibi tí ìtò ti yí padà tí ihò sì dúró síbi tó wà ni Augusta National, ní Georgia ní Amẹ́ríkà, ó sì jẹ́ àpẹẹrẹ tó ṣe kedere jù. Nínú ìdíje Masters àkọ́kọ́ tó wáyé níbẹ̀ ní 1934, èyí tí Horton Smith gbà, ihò tó ń jẹ́ 10 lónìí ni ihò 1. Kí ìdíje 1935 tó bẹ̀rẹ̀, wọ́n ti pààrọ̀ mẹ́sàn-án méjèèjì, torí ìrì dídì máa ń pẹ́ kó tó yọ́ lówùúrọ̀ lórí ilẹ̀ ìsàlẹ̀ tó wà nínú mẹ́sàn-án tó jẹ́ àkọ́kọ́ nígbà náà. Ilẹ̀ ìsàlẹ̀ yẹn ni ihò 11, 12 àti 13 wà, èyí tí òǹkọ̀wé Herbert Warren Wind sọ ní Amen Corner ní 1958. Ní 1934, ihò 2, 3 àti 4 ni wọ́n. Pípààrọ̀ náà kò yí omi tó wà níwájú ihò 12 padà. Ẹni tó ń kọjá rẹ̀ ló ń gbé ẹrù púpọ̀ sí i, torí ọjọ́ ti lọ, àwọn tó ń lé e sì ti súnmọ́ ọn.

Nínú ìdíje 1935 yẹn gan-an, Gene Sarazen gbá bọ́ọ̀lù láti nǹkan bíi mítà 215 wọ inú ihò 15 ní gbígbá kejì, ní ihò tí páà rẹ̀ jẹ́ 5. Gbígbá mẹ́ta tí Craig Wood fi ṣáájú rẹ̀ pòórá lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, wọ́n dọ́gba, Sarazen sì borí nínú ihò 36 tí wọ́n gbá lọ́jọ́ kejì. Ní ìtò 1934, ihò 6 ni ibẹ̀ ìbá jẹ́. 2 ní ihò 6 àti 2 ní ihò 15 kò yàtọ̀ nínú àpapọ̀. Àmọ́ Wood ti parí tirẹ̀ nígbà náà, Sarazen mọ̀ pé mẹ́ta ni òun fi wà lẹ́yìn, ó sì mọ̀ pé ihò mẹ́rin péré ló kù. Ìmọ̀ yẹn ló sọ gbígbá kọjá omi tó wà níwájú gríìnì di ohun tó bọ́gbọ́n mu. Ní ihò 6, ẹni tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ lè rọra gbé bọ́ọ̀lù sí iwájú omi, kó sì gba 5 rẹ̀.

Àwọn olùwádìí méjì, Devin Pope àti Maurice Schweitzer, wo títì bọ́ọ̀lù sínú ihò tó lé ní mílíọ̀nù 2.5 láti inú ìdíje PGA Tour, iṣẹ́ wọn sì jáde nínú American Economic Review ní 2011. Wọ́n rí i pé láti ọ̀nà jíjìn kan náà, eléré máa ń tì í wọlé nígbà tó bá ń gbìyànjú kó má bàa kọjá páà, ju ìgbà tó bá ń wá ọ̀nà láti dín sí páà lọ. Ìyàtọ̀ náà tó nǹkan bí 2 nínú 100. Gbígbá kan náà ló wà nínú méjèèjì, ìyẹn fi hàn pé ìṣirò tí eléré ń ṣe lọ́kàn ń bẹ̀rẹ̀ lọ́tun ní ihò kọ̀ọ̀kan. Èyí dín agbára ìtò kù lápá kan: ọ̀pọ̀ ihò ni eléré ń gbá bí ẹni pé ihò yẹn nìkan ló wà, títí tí àpapọ̀ yóò fi bẹ̀rẹ̀ sí í fojú hàn ní ìparí.

Ìgbàgbọ́ pé gbígbá dáadáa ń bí gbígbá dáadáa nílò ìṣọ́ra. Ní 1985, Thomas Gilovich, Robert Vallone àti Amos Tversky ṣàyẹ̀wò ìgbàgbọ́ yẹn nínú bọ́ọ̀lù alápẹ̀rẹ̀, wọ́n ní àwọn kò rí ẹ̀rí rẹ̀. Ní 2018, Joshua Miller àti Adam Sanjurjo fi hàn pé ọ̀nà ìṣirò àwọn mẹ́ta náà ní àléébù, àti pé ẹ̀rí díẹ̀ wà. Bó ti wù kó rí, ohun tí ojú ń rí pọ̀ ju ohun tó wà níbẹ̀ lọ. Ẹni tó ń gbá 90 ní ìpíndọ́gba kì í gbá 5 ní ihò kọ̀ọ̀kan. Yóò gbá 4, yóò gbá 6, 8 kan yóò sì wà níbì kan. Bí 8 náà bá bọ́ sí ihò 1, á ní ìbẹ̀rẹ̀ burúkú ló ba ọjọ́ òun jẹ́. Bó bá bọ́ sí ihò 17, á ní ó ti rẹ òun. Bẹ́ẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà, àkọsẹ̀bá lásán ló gbé e síbẹ̀, ihò tó tẹ̀ lé e á sì padà sí bí ó ti máa ń rí. Ohun tó ń bà á jẹ́ ní tòótọ́ ni kí eléré fi ìbínú gbá ihò mẹ́ta tó tẹ̀ lé e, kó máa wá gbígbá tó sọnù lọ́nà tí kò mọ̀ ọ́n gbá.

Ẹni tó bá fẹ́ mọ̀ fún ara rẹ̀ lè kó káàdì tí ó fi bẹ̀rẹ̀ ní ihò 1 jọ pẹ̀lú èyí tó fi bẹ̀rẹ̀ ní ihò 10. Pápá ihò mẹ́sàn-án tilẹ̀ dára jù fún èyí, torí ibẹ̀ ni wọ́n ti ń yí i lẹ́ẹ̀mejì, ihò kan náà á sì wáyé ní ipò méjì lọ́jọ́ kan. Ṣùgbọ́n sùúrù ló gbà. Bí iye ẹnì kan bá ń lọ sókè-sódò ní bíi 3 tàbí 4 láti ọjọ́ dé ọjọ́, ó máa nílò nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ìgbà ní ìtò kọ̀ọ̀kan kí ìyàtọ̀ gbígbá kan tó lè hàn gbangba. Káàdì mẹ́wàá kò lè sọ ohunkóhun.

Ó ku ibi tí ìtò ti ń pinnu ẹni tó borí láìfọwọ́ kan iye gbígbá ẹnikẹ́ni. Nínú ìdíje ẹgbẹ́, bí eléré méjì bá dọ́gba, ọ̀nà tó wọ́pọ̀ ni láti wo ihò mẹ́sàn-án ìkẹyìn; bí ìyẹn náà bá dọ́gba, wọ́n á wo mẹ́fà ìkẹyìn, lẹ́yìn náà mẹ́ta, lẹ́yìn náà ihò 18. Ká ní Lágbájá gbá 45 ní àlọ àti 39 ní àbọ̀, tí Tàmẹ̀dù gbá 40 àti 44. 84 ni iye àwọn méjèèjì, Lágbájá ló sì borí. Bí ìgbìmọ̀ bá ti pààrọ̀ mẹ́sàn-án méjèèjì bí wọ́n ṣe ṣe ní Augusta, Tàmẹ̀dù ni ìbá gbé ẹ̀bùn lọ sílé, pẹ̀lú gbígbá kan náà lórí ilẹ̀ kan náà. Níbi tí wọ́n bá ti gbéra láti orí ihò ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, ohun tí wọ́n máa ń gbani nímọ̀ràn ni pé kí ihò 10 sí 18 dúró gẹ́gẹ́ bí mẹ́sàn-án ìkẹyìn fún gbogbo èèyàn, ibi yòówù tí wọ́n parí sí.

Nínú ìdíje ojúkojú, níbi tí wọ́n ti ń ka ihò tí ẹnì kan gbà dípò gbígbá, ìtò kò yí ẹni tó borí padà bí èsì ihò kọ̀ọ̀kan bá dúró bó ṣe wà, torí ẹni tó gba ihò púpọ̀ jù náà ni. Ibi tí ìdíje parí sí ló ń yí. Ẹni tó bá fi ihò mẹ́ta ṣáájú nígbà tó ku méjì ti borí, wọn kò sì ní gbá ihò 17 àti 18. Èyí ṣe pàtàkì fún hándíkáàpù, ìyẹn gbígbá tí wọ́n ń yọ̀ǹda fún ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ kò tíì mọ́ eré náà tó. Nọ́ńbà 1 sí 18 tí wọ́n kọ sórí káàdì ló ń sọ ihò tí yóò ti kọ́kọ́ rí ìyọ̀ǹda yìí gbà. Bí nọ́ńbà 1 bá wà ní ihò 18, ìdíje lè ti parí ní ihò 16 kí ó tó kàn án. Bó bá wà ní ihò 1, tí àwọn méjèèjì sì dọ́gba lẹ́yìn 18 tí wọ́n padà sí ihò 1 láti yanjú rẹ̀, ẹni tí hándíkáàpù rẹ̀ pọ̀ á tún rí gbígbá kan gbà lójú ẹsẹ̀. Nítorí náà ni wọ́n fi ń gba àwọn ẹgbẹ́ nímọ̀ràn pé kí wọ́n jìnnà sí ìbẹ̀rẹ̀ àti ìparí mẹ́sàn-án kọ̀ọ̀kan nígbà tí wọ́n bá ń pín àwọn nọ́ńbà kékeré, kí wọ́n sì tò wọ́n ká àlọ àti àbọ̀ lọ́gbọọgba.